Kí Olùkọ́ Fi Fóònù Rẹ̀ Kọ́ Iṣẹ́ Kún Iṣẹ́

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bóyá ni a fi lè rí iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu tó iṣẹ́ olùkọ́. Alágbẹ̀dẹ ní ẹgbẹ́, ọdẹ ní ìpàdé, aláró a sì máa yọjú wo ìkòkò aró ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dá iṣẹ́ ṣe láìní ojúgbà tí yóò bá a yẹ iṣẹ́ náà wò, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, bó pẹ́ bó yá, àṣìṣe rẹ̀ yóò di àṣà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ronú nípa olùkọ́ kan tí iṣẹ́ gbé lọ sí Vom, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Jos, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Òun nìkan ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ físíìsì ní ilé-ìwé tí ó wà. Bí orí ìwé kan bá rú u lójú, kò sí ẹlòmíràn nínú ọgbà náà tí ó lè bi léèrè. Ọdún mẹ́ta lè kọjá kí a tó pè é sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó ti Ọ̀ṣun tàbí Kwara wá, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kàwé ti wà káàkiri, ọ̀nà sì jìn. Síbẹ̀, fóònù kan wà nínú àpò rẹ̀ tí ó lè so ó pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún olùkọ́ físíìsì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń rí yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ní olùkọ́ ń tẹ fóònù nígbà tí ó yẹ kí ó máa kọ́ni. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ó ń kà níbẹ̀. Àwọn kan sì ti ń dá a lábàá pé kí àwọn aláṣẹ fòfin de fóònù àti ìkànnì ayélujára fún olùkọ́ pátápátá. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò tọ́. A kì í torí pé ọ̀bẹ gé ọmọ lọ́wọ́ kí á má fi ọ̀bẹ sínú ilé ìdáná mọ́. Ohun tí ó yẹ ni pé kí olùkọ́ sọ fóònù náà di gbọ̀ngán ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tí yóò ti máa fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, tí wọn yóò ti máa bá a tún un ṣe, kí ó sì ní ìlànà tí kò ní jẹ́ kí gbọ̀ngán náà di ọjà.

Ohun tí Vom ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ìlú Vom fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ìmọ̀ tí a jọ pín ni ó ń ṣẹ́gun. Orí òkè títẹ́jú Jos ni ó wà, ní ilẹ̀ àwọn Berom, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń mú gan-an. Ní ọdún 1924 ni a dá ibùdó ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ lónìí sí National Veterinary Research Institute. Àrùn kan tí òyìnbó ń pè ní rinderpest ni ó fa dídá a sílẹ̀. Àrùn náà máa ń pa màlúù lọ bí ẹni gbá ilẹ̀, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ darandaran di aláìní.

Ní ọdún 2011, àwọn àjọ àgbáyé kéde pé rinderpest ti parẹ́ ráúráú lórí ilẹ̀ ayé. Kì í ṣe ọgbọ́n ẹnì kan ni ó pa á. Bí darandaran bá rí àmì àrùn, ó ní láti sọ ọ́. Bí dókítà ẹran bá gbọ́, ó ní láti kọ ìwé sí ibùdó ìwádìí. Bí wọ́n bá sì rí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan, wọ́n ní láti sọ fún ìlú kejì. Àrùn tí a bò mọ́ra ni ó máa ń pa agbo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rí: àṣìṣe tí olùkọ́ kò fi han ẹnikẹ́ni, orí àwọn ọmọ ni yóò máa wà láti ọdún dé ọdún.

Àwọn olùkọ́ àtijọ́ mọ èyí dájú. Ní ọdún 1931 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì fi Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, tí ó ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní ọdún 1976, tí olùkọ́ kò sì tó, ọdún náà gan-an ni a dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kaduna. Olùkọ́ tí ó wà lóko kò ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀; ìwé ẹ̀kọ́ ni yóò máa kà nílé, yóò sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní ibùdó ìpàdé nígbà ìsinmi. Ìwé àti ìpàdé ni ohun èlò ìgbà náà. Fóònù ni ohun èlò tòní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Olùkọ́ kan ní Gánà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé olùkọ́ abúlé lè rí ohun rere mú bọ̀ láti orí ìkànnì ayélujára, kí ó gbọ́ ìtàn Richard Appiah Akoto. Olùkọ́ ni Akoto ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Sekyedomase, ní agbègbè Ashanti ní orílẹ̀-èdè Gánà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì di dandan kí wọ́n ṣe ìdánwò rẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ni ilé-ìwé náà kò ti ní kọ̀ǹpútà kankan.

Akoto kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó mú ẹfun ìkọ̀wé aláràbarà, ó sì ya gbogbo ojú kọ̀ǹpútà sórí pátákó, bí ó ti máa ń rí gẹ́lẹ́ bí ènìyàn bá ṣí Microsoft Word: ibi tí a ń tẹ̀ láti tọ́jú iṣẹ́, ibi tí a ń tẹ̀ láti sọ lẹ́tà di ńlá, ibi tí a ó kọ ọ̀rọ̀ sí. Àwọn ọmọ sì ń yà á sínú ìwé wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ó gbé àwòrán iṣẹ́ náà sí ojú ìwé Facebook rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àwòrán náà fi yí gbogbo ayé ká. Ní oṣù kẹta, ilé iṣẹ́ Microsoft pè é lọ sí Singapore, níbi tí àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti péjọ láti kọ́ ọgbọ́n lára ara wọn. Àwọn aláàánú sì fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ náà kún lójú, tí wọn kò sì rí ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ tí ó bá gbé àwòrán jáde ni aláàánú yóò rí. Ohun tí ó yẹ kí á mú níbẹ̀ ni pé Akoto fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn. Kò gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ jáde, kò gbé ojú àwọn ọmọ tí ebi ń pa jáde láti fi ṣagbe. Ọgbọ́n tí ó dá ni ó gbé jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ tí wọn kò ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n rí i, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn náà lè mú ẹfun.

Wọn yóò ní dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Peter Tabichi, ọmọ Kenya, tí ó gba ẹ̀bùn olùkọ́ tí ó tayọ jù lọ lágbàáyé ní ọdún 2019. Ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì ni ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé abúlé tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ, tí ayélujára ibẹ̀ kò sì já geere. Ohun tí ó máa ń ṣe ni pé yóò lọ sí ibi tí a ti ń sanwó lo ayélujára, yóò kó ẹ̀kọ́ àti fídíò tí ó nílò sílẹ̀, yóò sì gbé e padà wá fi han àwọn ọmọ láìlo dátà mọ́. Ohun tí ó ṣe é ṣe ní abúlé Kenya ṣe é ṣe ní Vom. Olùkọ́ tí ó bá ń lọ sí ọjà Bukuru tàbí Jos ní ọjọ́ Sátidé lè kó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sínú fóònù rẹ̀ kí ó tó padà sílé.

Bí a ó ṣe ṣe é

Wàyí o, báwo ni olùkọ́ yóò ṣe bẹ̀rẹ̀? Èkíní, kí ó yan ẹgbẹ́ tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí ó ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn, níbi tí a ti ń kí ara ẹni káàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè kọ́ni ní nǹkan kan. Ogún tàbí ọgbọ̀n olùkọ́ tí wọ́n ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ kan náà ti tó. Kí wọ́n yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan gbé ìṣòro kan kalẹ̀, fún àpẹẹrẹ, ìdí tí àwọn ọmọ fi máa ń ṣi ìdá mọ́ ìdá nínú ìṣirò. Kí àwọn yòókù sọ bí wọ́n ti ṣe é, kí a sì kọ ìdáhùn tí ó dára jù sílẹ̀.

Èkejì, kí olùkọ́ máa yẹ ohun tí ó bá rí wò kí ó tó gbà á. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń dán ni wúrà. Ọ̀pọ̀ fídíò ẹ̀kọ́ ni àṣìṣe kún inú rẹ̀. Kí ó fi í wé ìwé àti ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìgbìmọ̀ TRCN tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, èyí tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ń fẹ́ kí olùkọ́ máa kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Fóònù kò lè rọ́pò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó lè pa olùkọ́ mọ́ lójúfò títí ìpè yóò fi dé.

Èkẹta kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń bẹ lókè Plateau ní pàtàkì. Láti ayé iṣẹ́ ìwakùsà tánganran àti ti ọkọ̀ ojú irin ni àwọn ènìyàn ti ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú Yorùbá mìíràn wá sí Jos àti Bukuru. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí níbẹ̀ ni ó gbọ́ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ju èdè àwọn òbí wọn lọ, kò sì rọrùn láti rí olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé wọn. Ìwé nìkan kò lè kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìyàtọ̀ igba owó, igbá ẹ̀kọ, ìgbà òjò àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Etí ni a fi ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá kan ní Ìbàdàn lè sọ ọ́ sínú fóònù, kí ó fi ohùn náà ránṣẹ́, kí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Vom sì kó àwọn ọmọ jọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday láti gbọ́ ọ kí wọ́n sì tún un sọ. Iye owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì kan.

Ohun tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ ṣe

Fóònù yìí kan náà ni olùkọ́ fi ń bá òbí sọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni ewu wà jù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, fóònù ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òbí fi mọ ara wọn. Àṣà náà dára, ó sì yẹ kí ó máa bá a lọ. Bàbá tí ó jẹ́ awakọ̀, tí kò lè wá sí ìpàdé ilé-ìwé ní ọjọ́ iṣẹ́, lè gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ẹnì kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo òbí. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbé èsì ìdánwò tàbí orúkọ àwọn tí kò tíì san owó síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Ọmọ tí a dójú tì níbẹ̀ lè má padà wá sí kíláàsì mọ́.

Àwòrán ọmọ pẹ̀lú, kí olùkọ́ gba àṣẹ òbí kí ó tó gbé e jáde. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2023 láti dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ìlú kò fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣeré. Kí olùkọ́ má sì ṣe máa bá akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lórí fóònù ní òru. Ohunkóhun tí ó bá ní í sọ, kí ó sọ ọ́ níbi tí òbí tàbí ọ̀gá ilé-ìwé ti lè rí i. Òbí náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kò yẹ kí ó máa pe olùkọ́ ní agogo mọ́kànlá alẹ́, tàbí kí ó bú u lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ìwọ̀fà pàápàá ní àkókò ìsinmi.

Ewu tí ó tóbi jù lókè Plateau ni ti ìròyìn òfegè. Rògbòdìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jos ní ọdún 2001, ní ọdún 2008 àti ní ọdún 2010 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2010, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni àwọn kan fi ń ru ẹ̀yà sí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn sí ẹ̀sìn. Bí fóònù kékeré tí kì í gbé àwòrán bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ti òde òní kò ní lè ṣe? Bí olùkọ́ bá fi ìròyìn ránṣẹ́ pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan, òbí yóò gbà á gbọ́ nítorí pé olùkọ́ ni ó sọ ọ́. Wọn yóò rọ́ wá kó ọmọ wọn, èrò yóò pọ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá sì lè tibẹ̀ ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi ohun tí kò dá a lójú ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kí ó kọ́kọ́ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè. Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́.

Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Kò bá ẹ̀tọ́ mu kí á ní kí olùkọ́ máa fi owó oṣù rẹ̀, tí kì í sábà tó o jẹun, ra dátà láti fi ṣiṣẹ́ ilé-ìwé. A kì í ní kí alágbẹ̀dẹ fi owó jíjẹ rẹ̀ ra irin tí yóò fi rọ ọkọ́ fún ẹlòmíràn. Ìjọba tí ó gbà á síṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ gbèsè náà. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bi àwọn olùkọ́ léèrè ohun tí wọ́n fi kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Jos àti Bukuru, tí wọ́n máa ń dáwó fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó, lè fi ti olùkọ́ kún un. Ọmọ wọn ni yóò jèrè rẹ̀, ọmọ Berom àti ọmọ Hausa tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì yóò sì jèrè pẹ̀lú.

Ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Kí ó má ṣe fòfin de fóònù pátápátá, kí ó má sì fi í sílẹ̀ láìní ìlànà. Ìlànà tí kò ju ojú ìwé kan lọ ti tó: kò sí fóònù lọ́wọ́ olùkọ́ nígbà ẹ̀kọ́ àyàfi bí ẹ̀kọ́ náà bá ń lò ó, kò sí àwòrán ọmọ láìgba àṣẹ, kò sí ìròyìn tí a kò tíì yẹ̀ wò, ní ọjọ́ Friday, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tí ó kọ́ lọ́wọ́ ojúgbà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí olùkọ́ bá mọ̀ pé a ó bi òun léèrè ní ọjọ́ Friday, kò ní fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wo ẹ̀fẹ̀.

Olùkọ́ físíìsì tí ó dá wà ní Vom kò ní láti dá wà mọ́. Ní alẹ́ òní, kí ó ya àwòrán ibi tí ẹ̀kọ́ ti le fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórí pátákó, kí ó fi í ránṣẹ́ sí ojúgbà mẹ́ta, kí ó sì béèrè bí àwọn ti ń ṣe é. Ìtìjú lè mú un ní ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n abèèrè kì í ṣìnà. Bí ó bá wọ kíláàsì ní ọ̀la, tí ọmọ kan tí kò lóye láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bá mi orí pé ó ti yé òun, yóò mọ̀ pé ìtìjú náà kò já sí òfo.